Orin Fíìmù Kì Í Ṣe Ọmọ Àlè

Ní ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan jókòó sídìí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí wọ́n ń gbé igbá ọrẹ káàkiri. Ọmọ ọdún 17 ni. Orin tó tẹ̀ kò ní ariwo, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó ti sọnù. Ìyá kan tó jókòó níwájú mi di owó ọrẹ rẹ̀ mú lọ́wọ́, igbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ̀. Èmi mọ orin náà. John Williams ló ṣẹ̀dá rẹ̀ fún Schindler's List, fíìmù tó jáde ní 1993, tó dá lórí bí ìjọba Hitler ṣe pa àwọn Júù ní ìpakúpa.

Lẹ́yìn ìsìn, Bùọ̀dá tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin wa pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. "Ta ló ní kó o wá tẹ orin sinimá nínú ilé Ọlọ́run? Ìyẹn kì í ṣe orin. Ariwo tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé àwòrán ni. Lọ kọ́ orin gidi." Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ. Látọjọ́ náà, mi ò tíì rí i nídìí dùùrù mọ́.

Mi ò lè bá Bùọ̀dá jiyàn lójú agbo. Àwọn ló kọ́ mi ní sol-fa nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn náà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ orin Handel. Bí wọ́n bá ka èyí, kí wọ́n mọ̀ pé mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kì í ṣe tiwọn nìkan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé nípa orin, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ogún ọdún lọ, tí wọ́n fẹ́ fi hàn pé etí àwọn mọ́ ju ti ẹlòmíì lọ. Lójú wọn, orin kílásíkà ni ọmọ inú ilé, orin fíìmù ni ọmọ àlè: ó jọ bàbá o, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá wọn pín ogún.

Kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, kóòdù ni mo ń kọ jẹun. Mi ò pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé orin. Ṣùgbọ́n irọ́ lọ̀rọ̀ yìí, ìtàn orin kílásíkà fúnra rẹ̀ ni mo sì fẹ́ pè wá jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká má tíì kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Tí Bùọ̀dá bá ń tẹ dùùrù níbi ìgbéyàwó, orin méjì kan wà tí kì í yẹ̀. Ọ̀kan ni ìyàwó fi ń wọlé. Ìkejì ni tọkọtaya fi ń jáde, tí gbogbo èèyàn á dìde, tí àwọn oníkámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ pé ilé eré ni méjèèjì ti wá.

Èyí tí ìyàwó fi ń wọlé wá látinú Lohengrin, eré olórin tí Richard Wagner ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní ìlú Weimar, ní Jámánì, ní 1850. Nínú eré náà, kì í ṣe pé wọ́n fi orin yẹn mú ìyàwó lọ síwájú pẹpẹ o. Wọ́n ti so wọ́n pọ̀ tán, wọ́n ń sìn wọ́n lọ sí yàrá ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìyàwó ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ béèrè, ìgbéyàwó sì ti dàrú. Orin tí à ń fi mú ọmọ wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Èyí tí wọ́n fi ń jáde jẹ́ ti Felix Mendelssohn. Ní 1826, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, Mendelssohn kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ kan lórí eré Shakespeare tí wọ́n ń pè ní A Midsummer Night's Dream. Nígbà tó yá, ọba Prussia ní kó ṣe àwọn orin tó kù tí wọn á máa lò tí wọ́n bá ń ṣe eré náà lórí ìtàgé. Ó ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní Potsdam ní 1843. Orin ìgbéyàwó wa yìí wà lára rẹ̀. Àárín ìpín kẹrin àti ìkarùn-ún eré náà ló ti ń dún. Eré tí iwin kún inú rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti gbé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lé ọkùnrin kan lọ́rùn. Ní 1858, wọ́n lo orin méjèèjì níbi ìgbéyàwó àkọ́bí Ọbabìnrin Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọmọ ọba ti lò ó, ta ni kò ní fẹ́ lò ó? Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé nìyẹn, tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa náà.

Ó wá dọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín orin tí wọ́n ṣe fún eré orí ìtàgé ní 1843 àti orin tí wọ́n ṣe fún eré inú fíìmù ní 1993? Èmi rí i: 150 ọdún ni. Èwo ló tún kù?

Kì í sì í ṣe Mendelssohn nìkan. Beethoven ṣe orin fún Egmont, eré Goethe, ní 1810. Edvard Grieg ṣe orin fún Peer Gynt, eré Henrik Ibsen, ní 1876. Orin òwúrọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ Grieg. Wọ́n á ní ó jọ oòrùn tó ń yọ lórí àwọn òkè Norway. Àmọ́ nínú eré náà, etíkun Morocco ni Peer Gynt wà nígbà tí orin yẹn ń dún. Ẹni tí kò mọ eré tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe orin ni yóò rò pé orin náà já bọ́ láti ọ̀run.

Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n máa ń fi kan orin fíìmù ni pé iṣẹ́ ọlọ́jà ni. Wọ́n ní ẹlòmíì ló ránni, ẹlòmíì ló sanwó, ẹlòmíì ló sọ iye ìṣẹ́jú tó gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí náà kò lè ti ọkàn wá. Ẹ gbọ́ ná. Ta ló rán Bach? Láti 1723 tó ti gba iṣẹ́ ní Leipzig, orin tuntun ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìsìn, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Haydn ńkọ́? Ní 1761 ló tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ìdílé Esterházy. Ìwé náà sọ irú aṣọ tó gbọ́dọ̀ wọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ó sọ pé orin tí ọmọ ọba bá ní kó ṣe ni kó ṣe. Ní 1772, tí àwọn olórin rẹ̀ ń fẹ́ padà sílé lọ rí ìyàwó wọn tí ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n lọ, Haydn ṣe símfónì kan tí olórin kọ̀ọ̀kan ń dìde lọ ní ìparí rẹ̀, tó fi ku méjì péré. Ọ̀gá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́nu iṣẹ́ ni Haydn ti ṣe é, kò sì dí i lọ́wọ́.

Handel tí Bùọ̀dá fẹ́ràn ńkọ́? Orin orí omi rẹ̀, ti 1717, ọba George Kìíní ló ṣe é fún, kí ọba lè máa gbọ́ ọ bó ṣe ń gbafẹ́ nínú ọkọ̀ lórí odò Thames. Messiah gan-an, tí à ń dìde dúró fún ní Kérésì, gbọ̀ngàn orin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, ní Dublin, ní 1742. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún kejì, àwọn kan bínú pé báwo ni wọ́n ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì nílé eré. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí Bùọ̀dá sọ fún ọmọ yẹn, wọ́n ti sọ ọ́ fún Handel rí.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Orin wo la ní tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe? Ìjálá wà fún ọdẹ, bàtá wà fún Ṣàngó, gbẹ̀du wà fún ọba, ẹkún ìyàwó wà fún ọmọ tó ń lọ ilé ọkọ. Ta ló jẹ́ sọ pé ẹkún ìyàwó kì í ṣe ewì nítorí pé ìgbéyàwó ló fà á? Ẹni tó bá ti gbé àgbà onílù lọ sóde rí mọ̀ pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń fi ọgbọ́n onílù hàn: ta ló ń wọlé, ta ni kò tíì náwó, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò tí a kò gbọdọ̀ fi ijó yọ lẹ́nu.

Nínú iṣẹ́ tiwa náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tí wọ́n ní kó kọ kóòdù tó máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń lọ tó ń bọ̀, ló máa ń ronú jinlẹ̀ jù. Ẹni tí wọn ò fún ní ààlà kankan á kàn máa to kóòdù jọ ni. Ààlà kì í pa ọgbọ́n. Nígbà míì, òun ló ń jí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan tí irọ́ yìí ṣe lọ́ṣẹ́. Erich Wolfgang Korngold lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1897 ní Brno, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà. Kékeré ló wà tí Gustav Mahler ti gbọ́ orin rẹ̀, tó ní ẹ̀bùn ọmọ yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n jó ijó ballet tó ṣe orin rẹ̀ ní ilé eré ọba ní Vienna. Ní 1920, ìlú méjì ní Jámánì, Hamburg àti Cologne, ló ṣí eré olórin rẹ̀, Die tote Stadt, ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọmọ ọdún 23 ni. Kò sẹ́ni tó sọ nígbà náà pé kì í ṣe olórin gidi.

Ní 1934 ó lọ sí Hollywood. Iṣẹ́ wo ló gbé e lọ? Orin Mendelssohn tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni wọ́n ní kó wá tún tò fún fíìmù A Midsummer Night's Dream. Orin orí ìtàgé di orin fíìmù, ọwọ́ ọ̀mọ̀ràn kan ló ti bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ní oṣù kìíní 1938, ó wà nílé ní Vienna nígbà tí ilé iṣẹ́ Warner Bros. ránṣẹ́ sí i pé kó tètè wá ṣe orin The Adventures of Robin Hood. Ó lọ. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ọmọ ogun Hitler wọ Austria. Júù ni Korngold. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé fíìmù yẹn ló gba ẹ̀mí òun là. Ó sì gba ẹ̀bùn Oscar.

Lẹ́yìn ogun, ó fẹ́ padà sí gbọ̀ngàn orin. Ó mú ohùn tó ti lò nínú fíìmù mẹ́rin, ó fi ṣe concerto kan fún violin. Jascha Heifetz, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ violin ta jù lọ láyé, ló kọ́kọ́ ta á ní ìlú St. Louis ní oṣù kejì 1947. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Àmọ́ òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn kan ní New York fi orúkọ Korngold dá àpárá, tó túmọ̀ sí pé àgbàdo inú orin náà pọ̀ ju wúrà lọ. Vienna tó padà sí náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́ra. Ó kú ní 1957, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Lónìí, kò sí gbajúmọ̀ oní-violin tí kò mọ concerto yẹn, kárí ayé ni wọ́n sì ń ta á. Àmì orin kan kò yí padà nínú rẹ̀ láti 1947. Etí àwọn tó ń gbọ́ ọ ló yí padà, ẹni tó ni ín kò sì sí láyé mọ́ láti rí i.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fi ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá ṣe àwàdà. Ọ̀rọ̀ báyìí máa ń mú èèyàn dákẹ́.

Bí wọ́n bá ní ààlà kan ṣì wà láàárín orin méjèèjì, kí wọ́n fi hàn wá. Sergei Prokofiev ṣe orin fún Alexander Nevsky, fíìmù Eisenstein ti 1938. Láwọn ibì kan, orin ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí Eisenstein tó to àwòrán lé e. Ní 1939, Prokofiev sọ orin kan náà di cantata fún ẹgbẹ́ akọrin àti ọ̀kẹ́sítírà. Ralph Vaughan Williams, bàbá àgbà orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ orin inú ìwé rẹ̀ dòní, ti ń lọ sí 70 ọdún nígbà tó ṣe orin fíìmù àkọ́kọ́. Nígbà tó ṣe orin fún Scott of the Antarctic ní 1948, ọkàn rẹ̀ kò kúrò nínú yìnyín yẹn mọ́. Ó sọ ọ́ di símfónì rẹ̀ keje, wọ́n sì ṣe é ní Manchester ní 1953. Ṣé ọjọ́ tó kúrò nínú fíìmù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di orin ni?

Ẹ wá wò ó láti apá kejì. Stanley Kubrick gbé fíìmù 2001: A Space Odyssey jáde ní 1968. Alex North ti ṣe orin tuntun sílẹ̀ fún un. Kubrick kò lo ọ̀kankan, ìgbà tí North jókòó wo fíìmù náà ló tó mọ̀. Dípò rẹ̀, Kubrick mú orin Richard Strauss ti 1896, ijó Johann Strauss tó dá lórí odò Danube, àti orin György Ligeti. Orin kílásíkà tí ẹnikẹ́ni kò torí fíìmù ṣe ló wá di ohùn òfuurufú lójú gbogbo ayé. Orin Richard Strauss yẹn kò di yẹpẹrẹ nígbà tó wọnú fíìmù. Kí ló dé tí orin mìíràn á fi yẹpẹrẹ nítorí pé inú fíìmù ni wọ́n bí i sí?

Àwọn kan á ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n nínú orin fíìmù. Kó sáà máa dẹ́rù bani tàbí kó máa pani lẹ́kún ni." Ẹ lọ wo Jaws, fíìmù 1975 tó dá lórí ẹja ṣáàkì tó ń pa èèyàn létíkun. Ohùn méjì péré ni John Williams fi bẹ̀rẹ̀ orin ẹja náà, ó ń sún mọ́ni, ó ń yára. Ẹja ayédèrú tí wọ́n ṣe fún fíìmù náà kò yéé bàjẹ́, torí náà orin ló ń dúró fún ẹja nígbà tí ojú kò tíì rí nǹkan kan. Ibì kan wà tí àwọn ọmọ méjì ti fi ẹ̀yìn ẹja ayédèrú dẹ́rù ba gbogbo etíkun. Àwọn èèyàn ń sá, wọ́n ń pariwo. Orin yẹn kò dún. Williams kò parọ́ fún wa: tí ẹja kò bá sí, orin kò ní wá. Lẹ́yìn tá a ti gbẹ́kẹ̀ lé orin yìí tán, ẹja gidi yọ lẹ́ẹ̀kan láìsí orin, gbogbo ilé sinimá fò sókè. Ẹni tó ṣe èyí mọ ìgbà tó yẹ kí orin dákẹ́, ìyẹn sì le ju kéèyàn pariwo lọ.

Tàbí Psycho, ti 1960. Alfred Hitchcock kò fẹ́ orin kankan níbi tí wọ́n ti gún obìnrin kan pa nínú ilé ìwẹ̀. Bernard Herrmann, tó ń ṣe orin fíìmù náà, ṣe é bẹ́ẹ̀ náà, ó sì gbé e fún un gbọ́. Hitchcock gbà pé òun ni kò mọ̀. Kò sí fèrè, kò sí kàkàkí, kò sí ìlù nínú gbogbo orin fíìmù yẹn. Olókùn nìkan ni.

Ọgbọ́n kéèyàn ní ohùn kan fún ẹnì kan, kó máa dún bó bá ń bọ̀, Wagner ló sọ ọ́ di ńlá nínú eré olórin, Korngold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé e wọ Hollywood. Àwa kò ní láti lọ jìnnà kó tó yé wa. Tí ọba bá ń bọ̀, onílù á ti fi dùndún kì í kí ojú tó tó o. Síbẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ wà nínú ohùn dùndún, ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè mọ ohun tó ń wí. Ohùn orin fíìmù kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Fíìmù náà gbọ́dọ̀ kọ́ wa ní ìtumọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí méjì, ká tó lè sunkún nígbà tó bá padà wá ní ìparí. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Mi ò ní tàn yín. Orin fíìmù tí kò dára pọ̀ lọ jàra. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ohun tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ń pè ní temp track. Bí wọ́n bá ń to àwòrán pọ̀, wọ́n á fi orin ẹlòmíì sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè máa rí bó ṣe máa rí. Tó bá pẹ́, etí ọ̀gá á ti mọ́ orin yẹn lára. Ìgbà tí wọ́n bá wá gbéṣẹ́ fún olórin, wọn kì í fẹ́ orin tuntun mọ́, àfijọ ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe orin fún fíìmù nílé wa níbí rí èyí lójú ara rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fún un. Wọ́n fi orin fíìmù Amẹ́ríkà kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, wọ́n ní, "Ṣe é bí èyí gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mú wa." Owó tí wọ́n san kò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ tó fi ṣe é.

Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ irú rẹ̀. Ọ̀gá á ní kó o da kóòdù ẹlòmíì kọ, ìgbà tó bá wó, á ní o ò mọṣẹ́. Ta ló wá lẹ̀bi, ẹni tí wọ́n ní kó dà á kọ ni, àbí ẹni tó rán an? Ẹ̀bi ọ̀gá kọ́ là ń dì lé orin lórí. Ọ̀pọ̀ símfónì tí wọ́n ṣe nígbà ayé Beethoven ni kò dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fi ń rántí wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó torí ìyẹn ní símfónì kì í ṣe orin. Èyí tó dára jù la fi ń díwọ̀n símfónì. Kí ló dé tó jẹ́ èyí tó burú jù la fi ń díwọ̀n orin fíìmù?

Èyí mú mi padà sílé, sọ́dọ̀ ẹni tí Bùọ̀dá bọ̀wọ̀ fún ju gbogbo olórin lọ: Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905. Bùọ̀dá máa ń tẹ Oyigiyigi rẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, ojú wọn á sì yàtọ̀. Òótọ́ ni, olóyè nídìí dùùrù ni Ṣówándé. Ó gba ìwé ẹ̀rí FRCO ní 1943, ó sì ń tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n Ṣówándé yìí kan náà tẹ orin jáàsì nílé ijó ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ogun àgbáyé kejì, òun kan náà ló jẹ́ olùdámọ̀ràn orin fún Colonial Film Unit, ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà. Orin sinimá, Bùọ̀dá mi. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ní 1944, ló ṣe African Suite, iṣẹ́ rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù. Akinla tó kẹ́yìn rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ orin háílàìfù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Akinla yìí ni ilé iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi ń ṣí ètò orin kílásíkà kan. Ilé Ọlọ́run, ilé ijó, ilé fíìmù: ọkùnrin kan náà ló wọ gbogbo rẹ̀, kò sì bọ́ etí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà èyíkéyìí.

Ní 1944 kan náà, Hubert Ògúndé gbé eré olórin àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Èkó, fún ìjọ aládùúrà kan. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí orí ìtàgé, tó fi dé inú fíìmù Ayé ní 1979, orin sì ń bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní orin eré kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó rántí pé inú ìjọ ni eré tiwa náà ti jáde.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fíìmù, ẹ pe olórin yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ ìtàn, ẹ má dúró di ìgbà tó ku ọjọ́ méjì. Ẹ sanwó fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí akọrin máa sọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tá a fi dàgbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí fíìmù bá parí, ẹ má tíì dìde. Ẹ dúró ka orúkọ ẹni tó ṣe orin. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbọ́ orin náà láìsí àwòrán. Ẹ gbọ́ concerto Korngold tẹ̀ lé e, kí ẹ wá sọ fún mi ibi tí odi wà.

Bùọ̀dá, mo bẹ̀ yín. Mo bá ìyá ọmọ yẹn pàdé lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ọmọ náà ṣì ń tẹ dùùrù, àmọ́ etí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ, torí ẹ̀rọ etí ló ń lò, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ pè é padà. Ẹ ní kó wá tẹ orin tí tọkọtaya máa fi jáde, ti Mendelssohn, ọmọ ọdún 17 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin fún eré oníwin. Ẹ fún un láyè lẹ́yìn náà kó tẹ èyí tó bá wù ú.